Àwọn Ìwé Òyìnbó Oníwọ̀n

Ẹ̀yin ará Ìdí-Àpáta tí ẹ ń bi mí pé kí ni mo rí ní Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe pé mo ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún yín láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ọ̀rọ̀ náà ni kò tíì tò nínú mi. Bí mo bá ní ó yé mi tán, irọ́ ni mo pa.

Ohun tó gbé mi lọ kò ṣòro láti sọ. Ọmọbìnrin mi Bọ́láńlé, tí púpọ̀ nínú yín mọ̀ láti kékeré, ń gbé ní Dagenham, ní apá ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lọ láti ilé dé ilé, kó máa wẹ àwọn arúgbó, kó fún wọn lóògùn, kó sì po tíì fún wọn. Lọ́jọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn, obìnrin òyìnbó kan tó ń jẹ́ Jean, bi í pé ǹjẹ́ ó mọ ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Àpáta. Bọ́láńlé ní ife tíì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Àṣé bàbá tó bí ìyá Jean ni ọkùnrin tí àwọn baba wa ń pè ní Òyìnbó Oníwọ̀n, ṣọ́jà tó tún jẹ́ ẹnjiníà, tó la ọ̀nà ńlá gba àárín ìlú wa, tí wọ́n sì padà fi jẹ ajẹ́lẹ̀ lé wa lórí. Àpótí ìwé rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn nílé Jean. Wọn yóò kó àwọn ìwé náà lọ sí ilé-ìkàwé ńlá kan láìpẹ́. Jean fúnra rẹ̀ náà ń lọ sí ilé àwọn arúgbó, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé àtẹ̀gùn mọ́. Ó ń wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá dáadáa tí yóò bá òun wo àwọn ọ̀rọ̀ kan nínú wọn kí wọ́n tó lọ.

Bọ́láńlé pè mí, mo ní mò ń bọ̀. Ẹ mọ̀ pé nínú agbo ilé wa, a kì í fi ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ṣeré. Àwa la máa ń fọ́nnu pé àwa lọmọ ilé tí òyìnbó wọ̀ nígbà tí kò wọ ilé ẹlòmíràn. Bàbá mi a máa sọ ọ́ níbi ìgbéyàwó, a máa sọ ọ́ níbi òkú. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i nínú ìwé.

Ilé tó jọra

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Becontree ni Bọ́láńlé ń gbé, àwọn ilé ibẹ̀ sì jọra bí ẹyin. Bíríkì kan náà, fèrèsé kan náà, ọgbà kékeré kan náà níwájú. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní jọ́gíráfì, tí mo ń bá wọn wí bí wọn kò bá lè ka máàpù, mo jáde lọ ra búrẹ́dì nítòsí. Mo padà dé, mo ṣílẹ̀kùn, mo bọ́ bàtà, mo jókòó. Àga náà ló kọ́kọ́ ṣàjèjì sí mi. Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan fi ìborùn bo orí jáde láti ilé ìdáná, tòun ti ṣíbí ìrọbẹ̀ lọ́wọ́.

Ó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé, "Ta lẹ̀ ń wá?"

Mo ní, "Ilé ọmọ mi ni mo wà."

Ó wò mí, ó wo búrẹ́dì ọwọ́ mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tí kò ní bàtà, ló bá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ni bàbá Bola! Ilé kẹta sí ibí ni." Ó wé samósà gbígbóná sínú bébà fún mi, ó sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Gbogbo ara ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́.

Kò yé mi. Ẹni tí mo já wọ ilé rẹ̀ bí olè fún mi lóúnjẹ. Àwọn tí mo ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójú pópó kò dá mi lóhùn. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ló bi mí pé ṣé ara mi le. Inú mi dùn, mo dúró, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún mi fún un. Kí n tó gbójú sókè, ó ti dé ìkángun òpópónà.

Bọ́láńlé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Dádì, ìkíni ni o. Kì í ṣe ìbéèrè."

Iṣu

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ lọ rí Jean, mo ní n kò lè lọ bá àgbà lọ́wọ́ òfo. Bọ́láńlé gbé mi lọ sí ọjà East Street ní Barking. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀. Mo rí ata rodo, mo rí pọ̀nmọ́, mo rí ọkùnrin ará Bangladesh kan tó ń pariwo orúkọ iṣu Gánà, "Puna! Puna, Mama!" sí gbogbo obìnrin dúdú tó ń kọjá. Àwọn ìyá Aládúrà méjì tó wọ sùtánà funfun ń bá a ná iṣu. Bí wọ́n bá ti dá iye kan, ọkùnrin náà á mi orí, á ní, "Ó ti o! Ó ti!" Ó yà á lẹ́nu nígbà tí mo kí i kú ọjà. Mo ra iṣu kan tó gùn tó apá.

Bọ́láńlé ní, "Dádì, please, kí ni Jean fẹ́ fi iṣu ṣe? Ẹ jẹ́ ká ra flower fún un."

"Ṣé òdòdó ni wọ́n fi ń kí àgbà?"

Bí a ṣe wọlé tọ Jean, mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba, mo ní, "Ẹ kú ilé, Ìyá Jean." Bọ́láńlé túmọ̀ rẹ̀ fún un. Jean ní òun kò bímọ o. Ojú tì mí. Mo ṣàlàyé pé nílé wa, a kì í pe orúkọ àgbà lásán. Ó rò ó wò díẹ̀. Ó jẹ́ obìnrin tín-ín-rín, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀ kedere.

"Ó dáa," ó ní. "Ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí."

Ó gba iṣu náà bí ẹni gba ọmọ tuntun. Ó ní kí Bọ́láńlé bá òun gbé e sórí pẹpẹ, láàárín àwọn fọ́tò. Ibẹ̀ ló wà tí a fi mu tíì tán. N kò mọ bí n óò ṣe sọ fún un pé sísè ni wọ́n ń sè é.

Inú àpótí

Mo ti rò pé n óò bá ìyìn ìlú wa nínú àpótí yẹn, tàbí èébú rẹ̀. Ohun tí mo bá ni eyín tó ń ro òyìnbó náà. Mo bá ẹṣin tó kú, òjò tó gbé pákó afárá lọ, ìyàwó tó kọ̀ tí kò wá bá a. Ó ya àwòrán àpáta wa, ó yà á dáradára débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè nawọ́ kan ihò tí a máa ń sá sí bí òjò bá dé. Nínú ìwé kan, ó ń dárò aláàárù kan tí ejò bù ṣán, ó ní òun jókòó tì í títí ó fi kú. Nísàlẹ̀ ìwé kan náà, ó ní kí wọ́n na baálẹ̀ kan ní ẹgba nítorí pé kò kó òṣìṣẹ́ wá. Ọwọ́ kan náà ló kọ méjèèjì, kò tiẹ̀ fi àlàfo sílẹ̀. N kò mọ irú ènìyàn tí mo ń bá pàdé.

Jean wá fa bébà kan yọ. Ó ní, "Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò."

Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi kọ ọ́: *Oyinbo wo ile wa.* Òyìnbó náà ṣàlàyé sábẹ́ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì pé orin tí àwọn obìnrin tó ń ru yẹ̀pẹ̀ máa ń kọ nìyí nígbà tí òun bá ń kọjá, ògbufọ̀ òun sì ní orin ìkíni káàbọ̀ ni.

Ẹ̀yin ará ilé, orí mi wú. Ọ̀rọ̀ bàbá mi gan-an nìyí, nínú ìwé, ní Dagenham! Mo sọ fún Jean pé, "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òyìnbó wọ inú ilé wa. Ilé tiwa gan-an ni, Ìyá Jean. Agbo ilé tèmi ni."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ó ní, "Kò wọ ilé tiwa rí."

N kò lóye. Ó wá ṣàlàyé. Ìyá rẹ̀ fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, Òyìnbó Oníwọ̀n, bàbá ìyá náà, sì ní òun kò bí ọmọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Bí ọdún Kérésìmesì bá dé, bàbá náà á wọ mọ́tò wá, á dúró síta, á rán awakọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀bùn. Jean kékeré á máa yọjú wò ó láti ẹ̀yìn kọ́tìnì.

"Fìlà rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí," ó ní. "Màmá mi á ti se oúnjẹ sílẹ̀, bóyá lọ́dún yìí á wọlé. Kò wọlé." Ó tún wo bébà náà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ó wọ ilé tiyín. Ó wọ ilé ẹnì kan."

Mo nawọ́ mú ìwé tó kàn kí n má bàa máa wo ojú rẹ̀. Máàpù ni. Mo mọ̀ ọ́n lójú kan: àpáta rèé, odò rèé, ọjà rèé. Agbo ilé wa rèé, ó kọ orúkọ bàbá-bàbá mi sí i. Ó sì fi yíǹkì pupa kọ àgbélébùú lé e láti igun dé igun. Ìlà ọ̀nà ńlá gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ síléèwé ti mọ ohun tó ṣe mí. Òyìnbó náà kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀, kò fi sábẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé òyìnbó *wọ* ilé wa. Ó sì lè jẹ́ pé òyìnbó *wó* ilé wa.

Mo ká máàpù náà. Mo ní ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ọ̀rọ̀ èmi àti Bọ́láńlé

Bọ́láńlé gbé ìrẹsì kalẹ̀, n kò lè jẹ ẹ́. Mo sọ ohun tí mo rí fún un.

Ó ní, "Dádì, ẹ fi sílẹ̀. Mo mọ obìnrin yẹn. Kò lọ́kọ, kò lọ́mọ, wọ́n tún fẹ́ gbé e kúrò nílé tí wọ́n bí i sí. Ohun kan ṣoṣo tó mú un láyọ̀ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn."

"Ilé wa ńkọ́?"

"Ilé tí wọ́n ti wó kí wọ́n tó bí yín?"

"Ṣé kí n wá máa parọ́ fún àgbà ni?"

"Ẹ kò tíì parọ́. Ṣé ẹ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì ni?"

N kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó dà mí láàmú jù nìyẹn. Bí bàbá mi bá ti mọ̀ pé wọ́n wó ilé náà, kí ló ń fi yangàn? Bí kò bá sì mọ̀, báwo ni ọmọ ṣe ń ṣàìmọ̀ pé wọ́n wó ilé mọ́ òun lórí? Ní ọjọ́ Ìsinmi, mo tẹ̀lé Bọ́láńlé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn tí ìjọba kò tíì fún nílé ní ilé. Gbogbo ìjọ ń ké àmín. Èmi ń ro ilé tí wọ́n wó.

Orin

Nígbà tí a padà lọ, Jean ti múra bí ẹni tó ń retí àlejò ńlá. Ó ní ohun kan kù tí òun fẹ́. Ó ní òun fi ọ̀pọ̀ ọdún kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, àti pé etí òun nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ǹjẹ́ a lè rí ẹnì kan nílé wa tó ṣì mọ ohùn orin náà?

Bọ́láńlé ń fi ojú sọ fún mi pé kí n ní kò sí. Ṣùgbọ́n ó wà. Ìyá Àgbà Àṣàkẹ́, àbúrò bàbá mi, wà láàyè, ẹ sì mọ̀ pé kò sí orin tó bọ́ lórí ìyá yẹn. Mo pè é lórí fóònù, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ kí gbogbo wa lè gbọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé bá a gbé e sétí.

"Ta nìyẹn? Ṣé o ti di òyìnbó lọ́hùn-ún ni?"

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orin kan ni mo fẹ́ bi yín o. Orin tí àwọn ìyá yín kọ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà, ti òyìnbó àti ilé wa."

"Èwo nínú ẹ̀?"

"Ṣé ó ju ẹyọ kan lọ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ́, ó mí. Ó wá gbé e. Ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n ó dúró lórí orin: *Òyìnbó wọ ilé wa o.* Jean dijú, ó ń fi ọwọ́ lu apá àga wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà sinmi, ó tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Ọwọ́ Jean dúró.

"Ó yàtọ̀," Jean ní. "Ní ọ̀rọ̀ kejì yẹn, ohùn rẹ̀ lọ sókè. Àkọ́kọ́ kò lọ sókè. Kí ló dé?"

Èmi àti Bọ́láńlé wo ara wa. Fóònù ni mo yíjú sí. "Ìyá, èwo ni òótọ́ nínú méjèèjì?"

"Òótọ́ bíi ti báwo? Ìyá mi ní bó bá ń bọ̀ lórí ẹṣin, wọ́n á ní ó *wọ* ilé wa. Òun náà á máa ju ọwọ́ sí wọn. Bó bá ti kọ ẹ̀yìn, wọ́n á ní ó *wó* ilé wa, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí yẹ̀pẹ̀ á fi máa dà sílẹ̀ lórí wọn. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ṣe é?"

"Ó wó ilé wa, àbí kò wó o?"

"Ó wó o. Ó sì wọ̀ ọ́ kó tó wó o. Ó wọlé, ó kí bàbá wa, wọ́n fún un lómi, ó mu ún, ó ní omi náà tutù. Ó wọn yàrá, ó jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ dé."

"Kí ló wá dé tí bàbá mi ń fi ṣe fáàrí?"

Ìyá Àgbà ní, "Ọmọdé ni bàbá rẹ nígbà yẹn. Ẹrù ilé ni wọ́n ní kó jókòó tì lábẹ́ igi títí wọ́n fi rí ibi tí wọ́n máa sùn. Kí lo fẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ náà ṣe? Kó máa fi sunkún ká ìlú?"

Mo kúkú sọ gbogbo rẹ̀ fún Jean. N kò fi nǹkan kan pamọ́. Bọ́láńlé lọ dúró lójú fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wa.

Jean wo fóònù náà. "Ó mu omi wọn," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó mọ̀ nígbà tó ń mu ún."

"Mo rò pé ó mọ̀."

Ìyá Àgbà ń pariwo nínú fóònù pé ta ló wà níbẹ̀, ta ni mò ń bá sọ òyìnbó. Mo ní ọmọ-ọmọ òyìnbó náà ni.

"Ṣé ó ti dàgbà?"

"Ó ti dàgbà, Ìyá. Wọ́n tún fẹ́ gbé e kúrò nílé rẹ̀."

"Háà. Òun náà?" Ó mí kanlẹ̀. "Sọ fún un pé mo kí i. Pé a kò bá a jà. Àmọ́ kó mọ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Jean na ọrùn sí fóònù bí ẹni tó ń bá ará yàrá kejì sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn pé mo ti mọ̀ báyìí."

Lẹ́yìn náà ló fa bébà orin náà, ó ti bírò sí mi lọ́wọ́. Ó ní kí n kọ ọ́ bó ṣe yẹ kó rí.

Bọ́láńlé yíjú padà. "Dádì, ẹ kò lè kọ nǹkan sórí ẹ̀ o! Ilé-ìkàwé ló fẹ́ gbà á."

Jean ní, "Tèmi ni títí ọkọ̀ wọn yóò fi dé."

Mo rò pé n óò kọ ọ̀kan, n kò sì mọ èyí tí n óò kọ. Mo kọ méjèèjì, ọ̀kan lókè èkejì, tàmì tàmì. Mo kọ orúkọ Ìyá Àgbà Àṣàkẹ́ sábẹ́ wọn. Jean fi ìka tọ àwọn àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí ni àwọn nǹkan kéékèèké orí lẹ́tà yìí?"

Mo ní, "Ohun tí bàbá yín àgbà kò gbọ́ ni."

Ó mi orí. Ó ní kí Bọ́láńlé bá òun fi omi sórí iná fún tíì. Ó tún wá béèrè lọ́wọ́ mi bí wọ́n ṣe ń se iṣu.

Ojú ọ̀nà

Mo ti ròyìn fún agbo ilé, ẹ sì gbọ́ bó ṣe rí. Àwọn kan ní Lọ́ńdọ̀nù ti yí mi lórí. Àwọn kan ní kí ló dé tí n kò ya bébà náà. Mọ́gàjí wa ní bí àwọn baba wa ṣe ń sọ ọ́ náà la ó máa sọ ọ́, òyìnbó *wọ* ilé wa, ó tán. N kò bá a jiyàn. Òótọ́ ló sọ. Kì í kàn ṣe gbogbo rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n n kò lè rìn dáadáa mọ́. Ìgbà kan wà tí mo ń bọ̀ láti ọjà, mo dé iwájú agbo ilé wa, mo wo àpáta, mo wo odò, mo fi ojú fa ìlà máàpù yẹn láàárín wọn. Orí ọ̀dà títì ni ilé bàbá-bàbá mi já sí, lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dúró. N kò mọ̀ bóyá kí n bọ́ bàtà ni.

Ọlọ́kadà kan fọn fèrè mọ́ mi lẹ́yìn. Ó kígbe pé, "Bàbá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà!"

Mo ní, "Ọmọ mi, inú yàrá ni mo wà."

Ó ti kọjá lọ.